Ilé Olùkọ́ ní Erékùṣù

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gba Festac kọjá láìmọye ìgbà. Ìlú náà gba orúkọ rẹ̀ lára àjọ̀dún ńlá tí àwọn ènìyàn dúdú gbogbo ayé wá ṣe ní ilẹ̀ wa láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February, 1977. A sì kọ́ ọ kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Àṣà wa ni a pè wọ́n wá wò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti dé ẹ̀yìn ìlú yìí kan náà, níbi tí ilẹ̀ parí tí omi sì bẹ̀rẹ̀?

Ní oṣù tí ó kọjá, àwa àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa méjì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mile 2. A gba ẹ̀yìn Festac bọ́ sí ojú omi ńlá tí ó ti Àgbádárìgì wá, èyí tí ọlọ́kọ̀ lè tọ̀ láti Èkó dé Àjàṣẹ́ láì fojú kan òkun. Ní apá kan ni èbúté Tin Can wà, tí a ṣí ní ọdún 1977 bákan náà, tí ọkọ̀ òkun ga níbẹ̀ bí òkè. Ní apá kejì ni àwọn erékùṣù wà, pẹ̀lú ilé onípákó, àwọ̀n tí a sá sí oòrùn, àti èéfín ẹja yíyan. Sagbokodji, Tòmarò, Ìrẹ̀dẹ̀, Ìlàṣẹ: abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n wà, gẹ́gẹ́ bí Festac ti wà.

Erékùṣù tí a gúnlẹ̀ sí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rìn ín já kí iṣu tó jiná lórí iná. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa di ẹjọ́ sí olùkọ́ kankan lọ́rùn. Baálẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. A ní kí ó mú wa lọ sí ilé-ìwé. Aago mẹ́wàá ti lù. Àwọn ọmọ jókòó, kò sì sí olùkọ́. Baálẹ̀ wí pé, “Bàbá Àlùfáà, ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ ń jà lórí omi lónìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, tíṣà kì í lè wá. Bí wọ́n bá sì wá, aago méjìlá ni ọkọ̀ wọn ń padà.” Nígbà náà ni ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó kí wa, ó sì bi wá pé èwo nínú wa ni tíṣà tuntun. A kò rí èsì fún un.

Ìtìjú mú wa, nítorí àwa ni a ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwa tìkára wa ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe rán akẹ́kọ̀ọ́ wa kan sí orí omi. A rò pé àánú ni a ń ṣe. A kò ro ti ọmọ tí ó jókòó tí ó ń retí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìwé ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù September 1842, Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti Gold Coast gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Freeman kò pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n William de Graft àti aya rẹ̀ dúró, wọ́n ń gbé láàárín àwọn ènìyàn, ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ ní 1843. Ẹni tí ó dúró ni ó kọ́ni.

Àwọn kan yóò wí pé, kí a máa kó àwọn ọmọ wá sí ìlú. Ṣé omi tí àgbà ń sá fún ni kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa là kọjá lójoojúmọ́? Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, òfin ọdún 2004 fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì yọ ọmọ erékùṣù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: ilé oníyàrá méjì fún olùkọ́, omi mímu, iná sólà, àti ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó lórí omi. Kí ẹ̀yin Olóyè bá àwọn Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kí Ẹgbẹ́ dáwó. Kí a sì wá olùkọ́ tí ó gbọ́ Ègùn, nítorí èdè náà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Àwa tí a ń ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ Yorùbá mọ́lẹ̀, kò yẹ kí á fi Yorùbá tẹ Ègùn mọ́lẹ̀.

Ní ti wa, a kò ní kọ irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá ní owó mú owó wá. Kí ẹni tí kò ní sì bá wa wọ ọkọ̀, kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i.