Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀ Nínú Ogun Òṣogbo?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe àjèjì sí àwa tí a dàgbà ní Afaka níhìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun, NDA, kò kúkú jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ogun tí a máa ń torí rẹ̀ bá ara wa jiyàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ogun Òṣogbo, ọdún 1840.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa bí a bá lọ sílé ni pé Yorùbá ṣẹ́gun Fúlàní, ó parí. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò pé. Òótọ́ ni pé ẹṣin ni Ìlọrin gbójú lé, àti pé Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ àti àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dúró di òru kí wọ́n tó kọ lu ibùdó wọn. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àmọ́ àwọn wo ló wà nínú ibùdó náà? Ali tó kó ogun jáde, Gàm̀bàrí ni. Àjíkòbí, Balógun Ìlọrin bíi tirẹ̀, Yorùbá ni.

Ẹ wá wo ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìbàdàn mú Jímbà, olórí ẹrú Ẹ́mírì, wọ́n sì mú ọmọ Ali kan. Wọ́n rọra dá àwọn méjèèjì padà sílé. (Shapur ọba Páṣíà tó mú Valerian ọba Róòmù ní ọdún 260 kò ṣe irú èyí, ìgbèkùn ni ọ̀gbẹ́ni náà kú sí.) Àjíkòbí ńkọ́? Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Aláàfin Àtìbà, ó sì ní kí wọ́n pa á. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ibi tó ti dùn wá nìyí. Bí a bá délé, àwọn ìbátan wa a ní àwọn Mọ̀lá ti dé, nítorí pé Hausa yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ní Kàdúná, Yarbawa ni wọ́n ń pè wá. A mọ̀ pé Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jinná ní 1840. Síbẹ̀, lójú tiwa, ìlú tí Àjíkòbí ń gbé ló jà fún. Ìbàdàn kan náà tú Ìjàyè ní 1862, Yorùbá sí Yorùbá. Ta ni wọ́n pè ní ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀?

Bí ẹgbẹ́ wa bá máa ṣe eré ogun Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Àjíkòbí sí i. Ẹ má wá ẹni tí yóò ṣe é lọ sọ́nà jíjìn. A wà níhìn-ín.