Babalọlá àti Iṣẹ́ Tó Fi Sílẹ̀

Lọ́dún 1928, iṣẹ́ ìjọba ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń ṣe. Òun ló ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn láyé òyìnbó: owó oṣù ń wọlé, iyì ń bẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìpè Olúwa, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó di oníwàásù, agogo lọ́wọ́. Ní 1930, èrò ya bo Òkè-Ooyè ní Iléṣà láti gbọ́ ọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fiṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ilé àti mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wa ń torí ẹ̀ wá Kristi, tọ́wọ́ bá sì tẹ̀ wọ́n tán, ọkàn ò tún balẹ̀. Babalọlá sin Kristi nítorí Kristi fúnra rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1959.