Rẹ́múrẹ́mú Ni Ohun Ẹni Ń Bá Ni Mu

Nínú gbogbo owó tí ń jáde lápò wa láyé òde òní, kò sí èyí tí ń yọ́ lọ láìjẹ́ kí olówó fura tó owó tí à ń san lóṣooṣù fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí ń bá wa tọ́jú àwòrán, fídíò àti ìwé sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google fòpin sí ààyè ọ̀fẹ́ tí kò ní gbèdéke tó ń fún àwòrán; láti ìgbà náà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ju gígábáìtì 15 lọ, kó sanwó tàbí kó dẹ́kun à ń kó ẹrù wọlé. Ẹ wá wo ayàwòrán kan ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí òkú àgbà, ìgbéyàwó àti oyè kì í jìnnà síra, tí ó ń san dọ́là 10 lóṣù fún ilé-iṣẹ́ tí kì í gba owó mìíràn: kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦4,700 ni, nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá ₦15,000, bẹ́ẹ̀ òun kò fi àwòrán kan kún ẹrù, ẹni tó ń gbowó náà kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún iye tó bù fún un. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Òwe yìí ló wà lọ́kàn àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, kí á ki díìsìkì méjì bọ̀ ọ́ kí ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan máa wọ èkejì, kí á so ó mọ́ ráútà, kí á sì sọ ọ́ di sáfà tí gbogbo fóònù inú ilé yóò máa kó ẹrù sí láìjẹ dátà. Mo bá wọn dé ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni OpenMediaVault àti TrueNAS tí ń darí irú sáfà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọ́fíìsì ti patì sì tó o ṣe. Fídíò 4K tí kámẹ́rà ń kọ ní mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba gígábáìtì 45 ní wákàtí kan; ẹni tó bá sì fẹ́ fi térábáìtì 1 ránṣẹ́ sókè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gbé ju mẹ́gábíìtì 10 lọ yóò dúró fún ọjọ́ 9 gbáko, bí wáyà abẹ́ òkun kò bá já bó ti já lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ báńkì wa fi dákú.

Ìṣirò iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Sáfà tó ń jẹ wáàtì 30 tọ̀sán tòru yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì 21.6 lóṣù, ní ₦225 tí wọ́n dá lé àwọn oníná ìpele kìn-ín-ní lórí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦4,860 nìyẹn. Ìpele kìn-ín-ní tí mo wí yìí, wákàtí 20 ni wọ́n ṣèlérí fún un lójúmọ́. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, wákàtí 4 péré, bátìrì ni yóò sì gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí sáfà ilé máa jí lóru? Ẹni tó bá ń tàn án fún wákàtí 6 lójúmọ́ yóò san ₦1,215 ní iye ìgbà náà. 

Ìdánwò ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, nítorí òun ló náwó kéré jù, òun náà sì ni a máa ń fò. Díìsìkì tòkunbọ̀ a máa dán gbinrin lórí àtẹ bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ka wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ sínú ara rẹ̀: bí ó bá sọ pé 30,000, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń yí láìsinmi. Àní ẹnu rẹ̀ pàápàá kò ṣeé gbà gbọ́ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ní Jámánì, àṣírí tú pé àwọn kan ń ta díìsìkì Seagate tí wọ́n ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí bí tuntun, wọ́n ti dá òǹkà rẹ̀ padà sí òdo, kí àkọsílẹ̀ kejì tí wọn kò pa rẹ́ tó tú wọn fó. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń lo ètò badblocks, tí ń kọ nǹkan kún gbogbo kọ̀rọ̀ díìsìkì nígbà mẹ́rin, tí ó sì ń kà á padà nígbà mẹ́rin. Fún térábáìtì 4, ó lè tó ọjọ́ méjì àti ààbọ̀, ó sì súni púpọ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù tí a bá rí kí ọjọ́ àdéhùn ọlọ́jà tó pé, gbèsè ọlọ́jà ni; èyí tó bá yọjú lẹ́yìn rẹ̀, tiwa ni. Lẹ́yìn èyí, kí á yọ wáyà iná lójijì kí á wò ó bóyá bátìrì yóò gbà á. Kí á fa díìsìkì kan yọ, kí á sì wò ó bóyá ohun gbogbo ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹrù oníbàárà kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Díìsìkì méjì inú àpótí kan kò gba ni lọ́wọ́ ọmọ tó fọwọ́ pa fáìlì rẹ́, nítorí bí ọ̀kan ti ń pa á ni èkejì ń pa á. Kò sì gba ni lọ́wọ́ olè, tàbí ààrá àkọ́rọ̀ òjò tí ń gba ojú wáyà wọlé. Ẹ̀dà kẹta gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé mìíràn. Kí ayàwòrán wa fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti díìsìkì kẹta pa, nítorí àpò a máa sọnù ní gáréèjì, kí ó sì máa gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀ ní Àkúrẹ́ lóṣooṣù. Kò ní fi ọjọ́ 9 dé ibẹ̀, owó mọ́tò tí yóò san, náírà ni.