Ọ̀dà Kì í Ṣe Àtúnṣe

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ra ògbólógbòó Evinrude, ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Irọ́ ni wọ́n ń kùn, jàre!

Ọdún 1909 ni Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Milwaukee. Ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ BRP dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Èyí tí a bá bà jẹ́, a kò ní í rí tuntun fi rọ́pò rẹ̀.

Róbà kékeré tí ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí ó bá ti gan, ooru yóò pa ẹ́ńjìnnì náà kíá. Ọ̀dà wo ni yóò gbà á là? Kí ẹni tí ń tà á tàn án nínú àgbá omi lójú yín. Bó bá kọ̀, ẹ má sanwó ọ̀dà fún un.