Ọwọ́ Afọ́jú Ni Kí Ó Yan Ẹ̀rọ Orin Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá ọmọ Ẹkùn, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti rí baba àgbàlagbà kan tí kò ríran ládùúgbò wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó gbé ẹ̀rọ orin olójú dígí tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó lé orí itan, tí ó ń fi ìka wá ọ̀nà lórí rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Afọ́jú a máa ta ayò, nítorí pé ihò méjìlá ọpọ́n kì í kúrò ní àyè wọn; bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí bọ́tìnì ẹ̀rọ orin rí, kí ó yọ sókè, kí ó sì dúró sójú kan. Lóòótọ́, ètò TalkBack inú ẹ̀rọ Android lè mú kí dígí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti baba kọ́ ọ ní ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀? Lọ́dún 2009, Apple ṣe ẹ̀rọ orin iPod Shuffle tí ń pe orúkọ orin sétí ẹni. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2017, ó sì dùn mí. Ní tèmi, rédíò kékeré onímẹ́mọ́rì káàdì tí ó ní bọ́tìnì gidi ni ó sàn jù. A kì í fárí lẹ́yìn olórí: ẹ mú baba yín dání lọ sí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, kí ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.