Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Onímọ̀ Ẹdẹ!

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará ibùdó ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University, Ẹdẹ! Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí ẹ ti ń wádìí àwọn àrùn tó ń ràn, inú wa sì ń dùn ṣìnkìn láti Òṣogbo títí dé Iléṣà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Onikepe Folarin ti ACEGID, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ẹ̀yin àti àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn LUTH lẹ fi àyẹ̀wò sọ ohun tó wọlé. Torí pé a tètè mọ̀ ọ́n, a rí ipasẹ̀ àwọn tó fara kan aláìsàn tó gbé e wọ̀lú tọ̀. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Nígbà tó fi di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oríire ńlá mìíràn dé ní oṣù kẹta ọdún 2020. Kò pẹ́ tí a rí Kòrónà lára ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ẹ fi ka jínóòmù kòkòrò náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀, tán ní Ẹdẹ. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà nìyẹn! Nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ṣe àjẹsára ìgbàlódé ti ń yan apá kòkòrò tí wọn yóò fi han ara wa, kí ara lè dá a mọ̀ kó tó kógun dé. Òun náà ló ń sọ bóyá kòkòrò ti paradà débi pé àjẹsára àná kò ká a mọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn onímọ̀ yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á wò, kí wọ́n lè mọ bí èròjà agbóguntàrùn ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Ọfà iná ni jagunjagun Tìmì Àgbálé fi gbajúmọ̀ ní Ẹdẹ láyé ọjọ́un. Ẹ̀yin ń ta tiyín sí ọ̀tá tí ojú lásán kò rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan ṣì ṣẹ́kù: láti ọdún 1969 tí wọ́n ti rí ibà Lassa ní Borno, a kò tíì ní àjẹsára rẹ̀ tí a fọwọ́ sí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àjẹsára náà ṣojú ẹ̀mí yín, kó sì ti ọwọ́ yín wá.

Ẹ̀yin ìjọba àti ẹ̀yin olówó ilẹ̀ wa, ẹ dìde sí iṣẹ́ yìí. Kò yẹ kó jẹ́ owó òkèèrè nìkan ni yóò máa gbé e ró.