ÀGBÁYUN: ẸNU NI Ó Ń TÀN, KÌ Í ṢE INÚ

Ọ̀rọ̀ àgbáyun ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àwọn kan ń polówó rẹ̀ kiri pé oògùn àtọ̀gbẹ ni.

Àgbáyun kì í ṣe àjèjì. Igi kékeré ilẹ̀ wa ni. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ a sì máa lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí ooyà kò kàn. Èso rẹ̀ pupa, kóró kan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá lá a, tí a wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, kíkan a di dídùn. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí jáde, tí wọ́n ń pè ní miraculin. Ara ahọ́n ni ó ń lẹ̀ mọ́ fún bí ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Ọsàn tí ó dùn lẹ́nu yìí ṣì kan nínú ikùn, ó sì ṣì lè ba eyín jẹ́. Kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú ṣọ́ra. Lóòótọ́, àgbáyun lè ran ẹni tí ó fẹ́ dín ṣúgà kù lọ́wọ́: ẹ̀kọ kíkan tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ a dùn láìfi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà ṣì ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Alátọ̀gbẹ tí ó bá torí àgbáyun pa oògùn dókítà tì, ikú ni ó ń fi ṣeré.

Ní tèmi, ó sàn kí á gbìn ín sí ilé ju kí á máa rà á lọ́wọ́ onírọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá lá èso náà ni kí ẹ ti fọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín; bí ó bá gbẹ, kò ní hù. Ó fẹ́ ibòji díẹ̀, omi déédéé, àti ilẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí. Kò fẹ́ eérú tàbí ẹfun. Nítorí náà ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri sìmẹ́ńtì. Ewé tí ó ti jẹrà ni kí ẹ kó sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò ní àgbàlá lè lo ìkòkò tí a lu nídìí. Kí ẹ sì ní sùúrù, nítorí ó lè tó ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lá a, kí wọ́n dárayá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí ó mú pọ̀n. Ó dìgbà kan ná.